Egbére tí ò ní ẹní

Oṣù tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn kan sórí fóònù mi, ìtàn àwọn ẹ̀dá abàmì ni, mo sì fi egbére sínú ẹ̀, mo fún un ní ìyẹ́ apá méjì, mo ní iná ń jáde lẹ́nu ẹ̀, ó ń fò kiri lókè Èkó, àwọn èèyàn ń sá wọ abẹ́ bíríìjì. Inú mi dùn sí i gan-an. Mo wá ka díẹ̀ sétí màámi, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè, wọ́n kàn ní, "Ẹní ẹ̀ dà?"

Mo ní, "Màámi, ẹní wo?"

"Egbére tí ò ní ẹní, tí ò sunkún. Ẹyẹ lo kọ yẹn." Wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

Ó dùn mí o, àmọ́ òótọ́ ni wọ́n sọ. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ láti kékeré: ó kúrú, òru ló ń rìn, ó há ẹní kékeré kan sí abíyá, ẹkún ò sì dá lójú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún ọmọ tó bá ń ké ṣáá pé ó ń sunkún bí egbére. Tó o bá lè já ẹní yẹn gbà lọ́wọ́ ẹ̀, o ti dolówó, àmọ́ á tẹ̀ lé ẹ délé, á dúró sẹ́yìn fèrèsé ẹ, á máa sunkún lọ́sàn-án lóru, tí àánú ẹ̀ bá sì fi lè ṣe ẹ́ pẹ́nrẹ́n tó o dá ẹní padà, ó tán nìyẹn. Kì í bu èèyàn jẹ. Ẹkún yẹn náà ni gbogbo ìjà ẹ̀. Èmi wá lọ gbé iná sí i lẹ́nu, kí niná fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Bí mo ṣe padà sídìí ìwé ìtàn Fágúnwà nìyẹn. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, àwọn èèyàn sì máa ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin Òkè-Igbó yìí bíi pé ó kàn sùn ni, ó lá gbogbo ẹ̀ lálàá. Èmi ò gbà. Etí ọkùnrin yẹn ló mú. Ẹ wo Àgbákò. Kí Fágúnwà tó dé ni wọ́n ti ń sọ pé lágbájá lọ kó àgbákò lọ́nà, pé aburú pàdé ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Òun wá mú ọ̀rọ̀ yẹn, ó dé e ní fìlà irin, ó wọ̀ ọ́ lẹ́wù idẹ àti ṣòkòtò awọ, ó to ojú 16 yí orí ẹ̀ ká, ó ní kó lọ dúró de ọdẹ nínú igbó, ọdẹ yẹn sì kó àgbákò lóòótọ́. Ojú 16 yẹn gan-an, mi ò rò pé ó ṣèèṣì. Ojú odù Ifá náà, 16 ni. Tíṣà ọmọ ìjọ ni Fágúnwà, àmọ́ ó gbọ́ ohun tí ará ilé kejì ń sọ.

Ànjọ̀nnú-Ìbẹ̀rù inú Igbó Olódùmarè, ìwé ọdún 1949, tún yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ló wà nídìí ànjọ̀nnú, Hausa ló gbà kọjá tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn míì ṣì ń pè é ní àlùjọ̀nnú. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé òun àti Olówó-ayé, ọdẹ inú ìwé náà, ò kàn dédé kọlu ara wọn, wọ́n kọ́kọ́ fẹnu jà ná, kálukú ń fọ́nnu, bí ẹní rí àgbèrò méjì ní gáréèjì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Àrọ̀nì kún un, ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ń bá Ọ̀sanyìn, òrìṣà ewé, rìn. Tó o bá rí i tó o sá, o gbé. Tó o bá dúró, á mú ẹ wọgbó lọ kọ́ ẹ ní ewé. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà gbé e dání, níbẹ̀ Ọ̀sanyìn fúnra ẹ̀ ló wá di ẹlẹ́sẹ̀ kan, ọwọ́ kan, ojú kan, etí ńlá kan tí ò gbọ́ nǹkankan àti etí kékeré kan tó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Etí yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Ohun tí mo rí nínú tèmi àti tàwọn tá a jọ ń kọ irú ìtàn yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni pé orúkọ la máa ń mú, a ó wá fi èèwọ̀ sílẹ̀. Obìnrin àgbọ̀nrín nìyẹn, ẹranko tó bọ́ awọ ẹ̀ di èèyàn, a ti sọ ọ́ di jagunjagun tó ń fi idà gé èèyàn, bẹ́ẹ̀ awọ tí ọkọ ẹ̀ fi pa mọ́ sínú àká ni gbogbo ìtàn ẹ̀, àti ẹnu ìyálé tí ò lè dákẹ́.

Mo ti yọ ìyẹ́ kúrò, mo ti pa iná. Egbére mi ti wà lẹ́yìn fèrèsé yàrá obìnrin kan tó já ẹní ẹ̀ gbà ní Mushin báyìí, ní ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, ó ti sunkún di òru kẹta, lańlọ́ọ̀dù sì rò pé ọmọ aládùúgbò ni. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni màámi ń bi mí bóyá obìnrin yẹn ti dá ẹní padà. Mo ní kò tíì dá a padà.

"Kó má dán an wò o," wọ́n ní, "owó ilé ti tó san."