Àgbà tó padà sí kíláàsì ẹlẹkitirọ́níìkì: Ìbàdàn àti Manchester

Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ní aya, ọmọ àti iṣẹ́, tó wá padà sí ilé-ẹ̀kọ́ láti kọ́ nípa ẹlẹkitirọ́níìkì, kì í dá wọ kíláàsì. Iná tó fi ń kàwé, ọkọ̀ tó ń gbé e lọ, ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ àti àwọn ọmọ tó fi sílé ló ń bá a wọlé. Mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Manchester nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ kọ́ṣẹ́ àtúnṣe rédíò àti tẹlifíṣọ̀n lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ní Ìbàdàn, ń kọ́ irú rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe nílé, nínú ètò àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì ń kàwé. A máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp ní alẹ́ Sátidé, ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ àti ohun tí èmi fojú ara mi rí ni mo sì fẹ́ gbé kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èrò tèmi ni pé ní Nàìjíríà, ìgbé ayé ojoojúmọ́ ti ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ iná kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dá sí i. Ní Ìlú Ọba, ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ́ni dáadáa, ṣùgbọ́n ìgbé ayé ojoojúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè ohun tí a kọ́ lọ́wọ́ ẹni.

Orí iná fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Níbí, ìlànà ìjọba ni pé fóòltì tó ń wọ ilé, tí a kọ sílẹ̀ pé ó jẹ́ 230, kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 216 lọ, kò sì gbọdọ̀ ga ju 253 lọ. Mo ti fi mítà wọ̀n ọ́n nílé mi lọ́sàn-án àti lóru, ìyàtọ̀ tí mo rí kò tó nǹkan. Fóòltì 230 yìí kan náà ni ìwé sọ pé Nàìjíríà ń lò, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kì í gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ìwé sọ. Ní àdúgbò tirẹ̀, ó lè wálẹ̀ sí 150 nírọ̀lẹ́ tí gbogbo ilé bá tan iná lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì fò sókè lójijì lóru, tó fi jẹ́ pé sìtébíláísà nìkan ló ń gba tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ ikú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ní àdúgbò yẹn mọ iṣẹ́ tí sìtébíláísà ń ṣe, ó mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín inverter àti jẹnẹrétọ̀, ó sì mọ̀ pé bátìrì tí a bá ń lò tán pátápátá kí a tó chaaji rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Nínú kíláàsì wa níbí, olùkọ́ ní láti lo àkókò gígùn láti ṣàlàyé ìdí tí ẹnikẹ́ni fi lè nílò ẹ̀rọ tó ń tún fóòltì ṣe, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tó wà níwájú rẹ̀ kò tíì gbé ibi tí fóòltì ti ń ṣe ségesège rí.

Ọ̀rọ̀ owó iná náà kò ṣeé fò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń ṣe àkóso iná ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tí a ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 fún lójúmọ́, kúrò lórí ₦68 kí wọ́n máa san ₦225 fún ẹyọ kan. Ní oṣù kan náà, ààlà tí Ofgem, àjọ tó ń ṣe àkóso iná níbí, fi lélẹ̀ fún ẹyọ kan jẹ́ nǹkan bí pẹ́ǹsì 24.5. Bí a bá ṣẹ́ ẹ sí náìrà, tibí ló wọ́n jù, àwọn ará ilé a sì máa fi èyí dá ara wọn nínú dùn. Ṣùgbọ́n owó-ọ̀yà tó kéré jù lọ níbí nígbà náà jẹ́ £11.44 fún wákàtí kan, èyí tó lè ra ẹyọ iná 46 kí a tó yọ owó orí. ₦70,000 tí ìjọba Nàìjíríà wá sọ di owó oṣù tó kéré jù lọ ní oṣù keje ọdún náà, bí a bá pín in sí wákàtí iṣẹ́, wákàtí kan rẹ̀ kò tó ra ẹyọ méjì. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó tì ìwé rẹ̀ di ọ̀gànjọ́ ní Ìbàdàn ti ṣe ìṣirò kan kí ó tó kan èyí tí olùkọ́ fún un.

Ibi tí ìyàtọ̀ náà ti hàn sí mi jù ni ọ̀rọ̀ gílóòbù. Ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wa, tẹlifíṣọ̀n tí fíúsì rẹ̀ bá ti jó kì í fojú kan iná tààrà lẹ́yìn tí a bá tún un ṣe. Gílóòbù oníwáàtì 100 la máa ń so sí ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé, tí iná á fi gba inú gílóòbù kọjá kí ó tó dé ara pánẹ́ẹ̀lì inú tẹlifíṣọ̀n. Bí gílóòbù bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, tó sì rọ wálẹ̀, ọkàn wa balẹ̀. Bí ó bá mọ́ roro tí kò rọ̀, a mọ̀ pé iná ti bírídì níbì kan, ìyẹn ni pé ó ti gba ọ̀nà àbùjá tí kò yẹ kó gbà, a ó sì yọ ọ́ kíákíá. Ọ̀gá kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa, àwa náà kò béèrè. Ẹni tó bá gbàgbé gílóòbù gbọ́ èébú, tìrànsísítọ̀ tuntun sì ti jóná. Nínú yàrá ìṣàyẹ̀wò ní Manchester ni mo ti rí i lórí pátákó pé gílóòbù náà, nígbà tó bá gbóná, ń dènà iná pẹ̀lú ohm 529, nítorí pé 230 lọ́nà 230 tí a fi 100 pín ló ń fún wa ní iye yẹn, àti pé nígbà tó bá tutù, ìdènà rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá èyí. Nítorí náà, bí ohun gbogbo bá dára, iná díẹ̀ ló ń kọjá, gílóòbù á tutù, kò sì ní dí pánẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́. Bí iná bá ti bírídì, gílóòbù á gbóná, á sì gba gbogbo fóòltì sórí ara rẹ̀. Olùkọ́ béèrè ibi tí mo ti mọ ọgbọ́n náà, inú rẹ̀ sì dùn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n lò ó. Ẹ̀rọ ìpèsè iná tí a lè fi ààlà sí kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, tìránsífọ́mà tó ya oníṣẹ́ kúrò lára iná ìgboro wà níbẹ̀, gílóòbù oníwáàtì 100 fúnra rẹ̀ sì ti di ohun tó ṣòro láti rí ní ṣọ́ọ̀bù níbí láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2009 tí òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé e kúrò lọ́jà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kapásítọ̀ ńlá, ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́, tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà iná nínú tẹlifíṣọ̀n. Tí a bá yí iná 230 padà sí DC, ìyẹn iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ohun tó ń jókòó sínú kapásítọ̀ yẹn súnmọ́ fóòltì 325, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì. Nílé, sìkúrúdíráfà la fi ń kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, yóò dún pàò, ẹnu sìkúrúdíráfà á jẹ, iṣẹ́ á sì tẹ̀ síwájú. Níbí, résítọ̀, ẹ̀yà tó ń dènà iná, ni a fi ń fà á gbẹ díẹ̀díẹ̀, a ó fi mítà wò ó pé ó ti dé òdo, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé a ti ṣe é, pẹ̀lú àkókò àti orúkọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ìwé náà ti pọ̀ jù. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti rí ìwúlò rẹ̀ nígbà tí àṣìṣe kan bá wáyé tí a fẹ́ mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ń ka ohun kan náà nínú handout tirẹ̀. Òfin Ohm, tó so fóòltì, kọ́rẹ́ǹtì àti ìdènà pọ̀, kò yàtọ̀ ní Ìbàdàn. Oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń fi ìrìn iná hàn bí ìlà lójú rẹ̀, ni kò pọ̀. Ó ní àwọn tó ń rọ̀gbà yí ẹyọ kan ká pọ̀ débi pé orí àwọn tó wà níwájú ló ń rí dípò ìlà tó ń gùn tó ń sọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítòsí Queen Cinema, tẹlifíṣọ̀n gidi tó ti dákẹ́, tí olówó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń wo ojú rẹ̀, ni yóò sì fi dán ẹ̀kọ́ náà wò. Èmi ní oscilloscope fún ara mi fún odidi ìrọ̀lẹ́, mi ò sì ní ohun tó bàjẹ́ láti fi wò.

Kò sí ẹni tó ń tún nǹkan ṣe ládùúgbò mi. Owó iṣẹ́ wákàtí méjì lọ́wọ́ oníṣẹ́ súnmọ́ owó tẹlifíṣọ̀n kékeré tuntun, nítorí náà ẹni tí tirẹ̀ bá kú á gbé e lọ síbi ìkódọ̀tí ìjọba ìbílẹ̀, kò sì sí ẹni tí wọ́n á gbà láyè láti mú un kúrò níbẹ̀. Maplin, ṣọ́ọ̀bù tí ènìyàn ti lè wọlé lọ ra résítọ̀ kan ṣoṣo, kógbá sílé ní ọdún 2018. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń rà á báyìí. Ní oṣù keje ọdún 2021, ìjọba ṣe òfin pé kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n máa pèsè ẹ̀yà ara wọn fún àtúnṣe fún ọdún púpọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀yà nìkan kò tó níbi tí ọwọ́ tí yóò tún un ṣe ti wọ́n ju ẹrù lọ. Ẹ fi èyí wé Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, tàbí Alábà ní Ọjọ́, níbi tí ẹrù tòkunbọ̀ tí àwọn ará Ìlú Ọba ti jù sílẹ̀ ti ń padà jí. Òfin ibí kò fàyè gba kíkó òkú ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílẹ̀ wa, èyí tí a bá ti yẹ̀ wò tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nìkan ló yẹ kó lọ. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́nu kọ̀ǹténà rí mọ bí wọ́n ṣe ń pa òfin yẹn mọ́.

Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, ìlànà kan náà ló bí i, BS 1363 ti ọdún 1947. Fíúsì wà nínú rẹ̀: ámípíà 3 fún iná tábìlì, 13 fún kẹ́tùlù. Ní ṣọ́ọ̀bù tiwa, ẹyọ wáyà tín-ínrín kan ló máa ń rọ́pò fíúsì tó bá jó. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ọjọ́ orí, olùkọ́ wa kéré sí mi, ó sì ní kí gbogbo wa máa fi orúkọ tí wọ́n sọ òun pe òun. Ẹnu mi kò gbà á. "Sir" ni mo ń pè é títí di òní, ó sì ti ṣíwọ́ àtúnṣe. Àwọn ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ àkọ́bí mi ń pe èmi náà lórúkọ láìfi nǹkan kan ṣáájú, mo sì rí i pé wọn kò ní àfojúdi kankan lọ́kàn. Tí mo bá dé, wọ́n á gbé báàgì wọn kúrò lórí àga fún mi. Ọ̀rẹ́ mi ní tirẹ̀ ni "Daddy" kíláàsì. Wọ́n ń fi àyè iwájú sílẹ̀ fún un, wọ́n ń bá a gba handout, òun náà sì ni wọ́n ń rán sí olùkọ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀: "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n." Owó gala àti mínírà sì wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí pé orúkọ Daddy kì í ṣe ọ̀fẹ́. Èyí tó nira fún un ni ìbéèrè. Àgbà tó bá ń da ìbéèrè bo olùkọ́ tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn lè dà bí ẹni tó ń wá ọ̀nà láti dójú tì í, nítorí náà ó máa ń dúró di ìgbà tí kíláàsì bá tú, kó tó sọ pé, "Ẹ má bínú sà, ibì kan rú mi lójú díẹ̀." Níbí, ẹni tí kò bá béèrè ni olùkọ́ ń ṣe àníyàn lé lórí.

Ilé wá ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kíláàsì mi bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà tí ibi tí àwọn ọmọ ń dúró sí lẹ́yìn ilé-ìwé ti ń ti ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi ń tọ́jú àwọn arúgbó, ìwé iṣẹ́ tí wọ́n bá tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ náà ló ń sọ alẹ́ tó máa wà nílé. Tí alẹ́ tirẹ̀ bá bá tèmi pàdé, a ó sanwó fún ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n, tàbí kí n má lọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe: aago ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yáwó fún àgbàlagbà, ọkọ̀ tó ń dé lásìkò. Ìyá àgbà ni kò lè pèsè. Ní Ìbàdàn, ìyá ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ti kó àwọn ọmọ sọ́dọ̀ láti ọ̀sán, oúnjẹ alẹ́ wọn kò kàn án rárá. Ohun tó ń jẹ ọ̀rẹ́ mi níyà ni owó ọkọ̀ Micra, èyí tó ti lọ sókè láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àti ọjọ́ Sátidé, tí lẹ́kíṣọ̀ bọ́ sí, tí ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú náà sì bọ́ sí. Mọ̀lẹ́bí tó ń bá a tọ́mọ kò ní gbà kó má wá sí òde.

Ìwé-ẹ̀rí City & Guilds ni ọ̀gá wa gbé kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ló dá àjọ tó ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1878; ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìlú Ọba náà ni a ti jogún HND. Tibí dúró ní ìpele karùn-ún, kírẹ́díìtì 240, HNC (Higher National Certificate) tí mo ń ṣe sì jẹ́ ìdajì rẹ̀, kírẹ́díìtì 120 ní ìpele kẹrin. Tilé ní láti gba inú ND kọjá ná, ọdún méjì fún ẹni tó ń lọ lójoojúmọ́, kí ó tó fi ọdún kan ṣiṣẹ́, kí ó tún tó fi ọdún méjì mìíràn kàwé. Ọ̀rẹ́ mi kò ronú dé HND. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń lọ láàárọ̀ kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ti dá a dúró sójú ipò kan nítorí pé kò ní ND. Ó ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe báyìí, òun náà ni yóò sì máa tún un ṣe lẹ́yìn ìwé. Owó oṣù rẹ̀ ni yóò yí padà. Ní ibi ìkẹ́rùsí tí èmi ti ń di ẹrù, bẹ́líìtì tó ń gbé páálí máa ń dúró lóòrèkóòrè, mo sì máa ń gbọ́ láti ara ìró mọ́tò rẹ̀ ibi tó ti ṣeé ṣe kó bàjẹ́, ṣùgbọ́n mi ò láṣẹ láti ṣí ìdérí rẹ̀. HNC ni wọ́n béèrè, pẹ̀lú ìdánwò lórí ìlànà wáyà BS 7671, èyí tí ẹ̀dà kejìdínlógún rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Nígbà tí mo bá ní méjèèjì, wọ́n á fún mi ní kọ́kọ́rọ́ àpótí iná náà, màá sì kúrò ní ìdí páálí.