Ẹsẹ̀ Kò Sí Nínú Fọ́tò

Aago mẹ́wàá kò tíì lù lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá tí ọmọ dìsípáàṣì mi fi pè mí láti Sẹkitéríàtì Ìjọba Àpapọ̀. "Àǹtí, ọ̀gá yẹn ní kò gba òun lẹ́sẹ̀ o." Bàtà pàámù dúdú tí mo tà fún un ni, aláwọ ewúrẹ́, nọ́ńbà 43. Ọ̀gá fẹ́ wọ̀ ọ́ sí káfútáànì funfun lọ kírun Jímọ̀. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn fóònù: "Bá mi sọ fún un pé 43 ni mò ń wọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wọṣẹ́ ìjọba!" Mo ní kó gbé e padà máa bọ̀. ₦3,500 ni láti ọ̀dọ̀ mi ní Kubwa dé ibẹ̀, ₦3,500 míì ni láti ibẹ̀ padà, èrè tó wà lórí bàtà náà kò sì ju ₦5,000 lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ Ẹtì kò tíì mọ Àbújá. Láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, kóòtù àti bàtà onílẹ́ẹ̀sì ni. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, Mùsùlùmí ni o, Kìrìsìtẹ́nì ni o, gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba á kó sínú aṣọ ìbílẹ̀, pàámù ló sì bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi í rí oorun sùn lálẹ́ Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀.

Mo ti ta aṣọ rí, mo ti ta lọ́fínńdà rí. Bàtà nìkan ló ń fi ojú mi rí màbo. Aṣọ tó bá tóbi, ẹ lè gbé e fún télọ̀ kó gbà á wọlé. Ẹ̀wù tó bá fún yín díẹ̀, ẹ lè fa ikùn mọ́ra títí òde á fi tán. Bàtà tó bá fi ìdajì sẹ̀ńtímítà kéré, ó ti kéré nìyẹn. Yóò jẹ yín lẹ́sẹ̀ títí ẹ ó fi bọ́ ọ sábẹ́ tábìlì ibi ìyàwó. Fọ́tò tí mò ń gbé sórí status rèé, ó dán, ó mọ́, mo gbé bàtà lé aṣọ òfì, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń tàn sí i. Gbogbo ohun tí oníbàárà fẹ́ ló wà nínú rẹ̀, àfi ẹsẹ̀ oníbàárà fúnra rẹ̀.

Sabon Gari ní Kánò ni wọ́n bí mi sí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi, ẹni tó bá sì mọ Òkè Ọya mọ̀ pé kò sí ọjà ńlá kan níbẹ̀ tí ẹ ò ní í bá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa dé Àbújá. Ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020 ni wọ́n ti Àbújá, Èkó àti Ògùn pa, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀, inú ilé yẹn ni mo sì ti di oníbàtà. Bàtà ẹyọ kan ṣoṣo, mi ò ní. Fóònù ni mo ní, àti fọ́tò àwọn tó ni bàtà ní Èkó. Wọ́n á kó fọ́tò sí gúrúùpù WhatsApp, èmi á gé orúkọ wọn kúrò lára rẹ̀, màá fi ₦2,500 lé owó wọn, ó di status. Bí ẹnìkan bá sanwó fún mi, èmi náà á sanwó fún wọn, wọ́n á fi ọjà ránṣẹ́.

Mo máa ń tijú rẹ̀, bí ẹni tó ń fi aṣọ ayẹyẹ aládùúgbò ya fọ́tò. Àfìgbà tí mo kà nípa Zappos, ilé iṣẹ́ tó ń ta bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nick Swinmurn ló dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1999. Ọ̀gbẹ́ni yìí lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàtà tó wà ládùúgbò rẹ̀, ó ya bàtà wọn ní fọ́tò, ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnìkan bá rà á, á padà sí ṣọ́ọ̀bù náà lọ rà á ní iye tí gbogbo ayé ń rà á, á fi ránṣẹ́. Kò sí èrè níbẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò ju bóyá ènìyàn á sanwó bàtà tí kò tíì ki ẹsẹ̀ bọ̀. Wọ́n san owó náà. Nígbà tó di 2009, Amazon ra Zappos ní iye tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Mo ka ìyẹn tán, mo gbórí sókè. Ibi tí mo yára kà kọjá ni pé Zappos gbà kí oníbàárà dá bàtà padà láàárín ọjọ́ 365 láìsan owó ìfiránṣẹ́. Èmi rèé, lẹ́tà gàdàgbà ni mo fi kọ ọ́ sórí status: TÍ Ẹ BÁ TI SANWÓ, KÒ SÍ ÌDÁPADÀ.

Gbólóhùn yẹn ló gbé mi dé iwájú lọ́yà. Obìnrin kan ní Lugbe ra bàtà gogoro lọ́wọ́ mi fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, nọ́ńbà 39, àwọ̀ wáìnì. Ohun tó dé láti Èkó jẹ́ 37, pupa fòò bí ata rodo, gìgísẹ̀ ẹyọ kan sì ti ń mì. Mo pe ẹni tó fi ránṣẹ́ (orúkọ rẹ̀ kò kan ọ̀rọ̀ yìí), ó ní àwọ̀ iná kámẹ́rà ni, ó sì dínà mọ́ mi lórí WhatsApp. Mo wá lọ fi gbólóhùn mi han oníbàárà pé ṣé ẹ rí i, mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ pé lọ́yà ni. Kò bú mi, kò gbóhùn sókè. Ó kàn kọ ọ́ ránṣẹ́ pé: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, òfin ààbò oníbàárà ti 2018 wà o. Ọjà tí kò bá ohun tí ẹ júwe mu, mo ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà, ohun tí ẹ kọ sórí status kò sì lè pa ẹ̀tọ́ yẹn rẹ́." Ó ní Àbújá níbí náà ni olú ilé iṣẹ́ àjọ tó ń mójú tó o wà, kò sì jìnnà sí òun. Ìyá tó pè mí yẹn gan-an ló dùn mí jù, nítorí mi ò ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Mo fi owó èsúsú mi san ₦22,000 rẹ̀ padà. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo pinnu pé bí màá bá máa jẹ gbèsè bàtà, kó jẹ́ bàtà tí mo mọ ẹni tó rán an.

Mo wọkọ̀ lọ sí Kánò. Kofar Wambai ni màmá mi ti máa ń ra bàtà ọdún fún wa nígbà tá a wà ní kékeré, ibẹ̀ náà ni mo padà sí. Tí ẹ bá kọ́kọ́ wọlé, òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù á gba imú yín, òòlù á máa dún láti apá ọ̀tún àti apá òsì. Ìlú yẹn ti ń ṣe awọ tipẹ́tipẹ́. Èso igi bàgàrúwà ni àwọn àgbà wọn fi ń ṣe é, wọ́n sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ dòní. Awọ ewúrẹ́ pupa Sókótó tí ràkúnmí gbé la aṣálẹ̀ kọjá ni àwọn Òyìnbó rí ní Mòrókò tí wọ́n sọ ọ́ ní awọ Mòrókò. Lónìí, òfin Nàìjíríà ò gbà kí wọ́n kó awọ tútù jáde, ó di dandan kí wọ́n ṣe é tán níbí kó tó lọ, Ítálì àti Sípéènì sì wà lára ibi tó ń lọ jù. Nítorí náà, ọ̀gá tó ń fi bàtà Ítálì fọ́nnu ní Maitama, àdúgbò olówó l'Ábújá, lè máa tẹ ewúrẹ́ Kánò mọ́lẹ̀ láìmọ̀.

Màlámù tó ń bá mi ṣe bàtà kì í yára. "Gobe" ni tirẹ̀, ọ̀la, ọ̀la yẹn lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́fà. Hàjíyà ló ń pè mí, bẹ́ẹ̀ Bàptíìsì ni mí láti inú ìyá mi. Tó bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀, á ní kò lè sí awọ màlúù fún bàtà mọ́, ẹ̀yin Yorùbá ti fi í jẹ ẹ̀fọ́ tán. Èmi náà á bi í pé ta ló wá ń jẹ gàńdà, pọ̀nmọ́ tiwọn, tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ yẹn? A jọ máa ń rẹ́rìn-ín sí i.

Orúkọ ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ó ní òǹtẹ̀ kan tó fi ń tẹ "Made in Italy" sínú bàtà, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ sínú méjìlá àkọ́kọ́ tó ṣe fún mi. Ó ní ohun tí àwọn oníbàárà ń fẹ́ nìyẹn, pé ní Aba gan-an, ní ọjà Ariaria, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá parọ́ nínú bàtà, báwo ni màá ṣe ní kí ẹni tó rà á gba òótọ́ mi gbọ́ lórí nọ́ńbà ẹsẹ̀? Mo lọ forúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC (orúkọ àkọ́kọ́ tí mo mú, ẹlòmíì ti ń jẹ́ ẹ), lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ ti àmì òwò, níbi tí mo ti mọ̀ pé ẹ̀ka 25 ni wọ́n kó bàtà, aṣọ àti fìlà sí. Mi ò ní í dárúkọ náà níbí kí ẹnikẹ́ni má baà ní ìpolówó ni mo wá ṣe. Àwọn tí mò ń wò láwòkọ́ṣe pọ̀: Shekudo ní Èkó tó ń fi aṣọ òfì ṣe bàtà obìnrin, soleRebels tí Bethlehem Tilahun Alemu dá sílẹ̀ ní Ẹtiópíà lọ́dún 2004, táyà ọkọ̀ tó ti gbó ni wọ́n fi ń ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí èyí tó purọ́ ibi tí wọ́n bí i sí nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ẹnìkan bá mi jiyàn pé ilé iṣẹ́ Bata ni Yorùbá ti mú ọ̀rọ̀ bàtà. Ọdún 1894 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ní Zlín, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Czech lónìí. Bàtà ti wà nínú ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe kí ọdún náà tó pé. Orúkọ ló kàn bára mu.

Ohun tí mo wá kọ́ lọ́wọ́ Màlámù jù ni ẹsẹ̀ wíwọ̀n. Nọ́ńbà tí à ń pè ní 42, 43 yìí, ti Yúróòpù ni. Láti nọ́ńbà kan sí èkejì jẹ́ ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta sẹ̀ńtímítà. Ẹsẹ̀ onírọ́bà tí wọ́n fi ń mọ bàtà 42 gùn tó sẹ̀ńtímítà 28. Ẹsẹ̀ ènìyàn tó máa wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ kéré sí ìyẹn, nítorí ìka máa ń rìn síwájú téèyàn bá ń rìn. Ṣùgbọ́n iye tó yẹ kó fi kéré, oníbàtà kọ̀ọ̀kan ló mọ tirẹ̀, ibẹ̀ ni 43 ti ọ̀gá kan ti ń di 42 lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Nọ́ńbà náà kò tún sọ nǹkan kan nípa fífẹ̀ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tiwa sì fẹ̀ o! Ẹni tó bá ti fi sálúbàtà rin ìgbà èwe rẹ̀ já, ìka rẹ̀ ti ní òmìnira.

Nítorí náà, mi ò bi ènìyàn ní nọ́ńbà mọ́. Béébà funfun ni mò ń ní kí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí wọ́n dìde dúró lórí rẹ̀, kí wọ́n má jókòó, nítorí ara tí a bá gbé lé ẹsẹ̀ ló ń jẹ́ kó fẹ̀ bó ṣe fẹ̀. Kí ẹlòmíì bá wọn fi pẹ́ńsù tó dúró ṣánṣán fa ilà yí i ká. Ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n ṣe é, tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn ọjọ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni, torí ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n dọ́gba. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi tépù télọ̀ yí ibi tó fẹ̀ jù ká, kí wọ́n fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà, kí wọ́n ya á ní fọ́tò. Àwọn kan á bínú. Wọ́n á ní ṣé bàtà ni mò ń tà àbí mò ń wọn ilẹ̀.

Ọ̀gá Sẹkitéríàtì wà lára àwọn tó bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀ ẹ́ fún béébà. Ó ní òun mọ ẹsẹ̀ òun. Nígbà tí bàtà padà dé, mo pè é, mo ní kó máà bínú, kó bá mi ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré. Ìyàwó rẹ̀ ló fa ilà náà. Gígùn rẹ̀ bá 43 mu lóòótọ́, àmọ́ ó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Kánfáàsì onílẹ́ẹ̀sì ló ti ń wọ̀ ní 43, ìyẹn á sì tú lẹ́ẹ̀sì kó lè gbà á; pàámù kò ní lẹ́ẹ̀sì.

Mo ti fi ₦1,500 lé orí bàtà kọ̀ọ̀kan báyìí láti máa fi san owó èyí tó bá padà. Nínú bàtà 40 tí mo tà ṣáájú Ìtúnu Ààwẹ̀ tó kọjá, 7 ló padà, 6 nínú wọn jẹ́ ti àwọn tí kò fi béébà ránṣẹ́. Ọkọ mi ti gba méjì wọ̀ nínú rẹ̀, ó ń ṣàdúrà pé kí 44 tún padà.

Lánàá, ọkùnrin kan ní Bwari fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ ló fi báírò fa ilà sẹ́yìn béébà tó ya nínú ìwé iléèwé, ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì gun orí ara wọn níbi àtàǹpàkò. Iṣẹ́ ìṣirò ọmọ náà sì hàn láti òdìkejì. Mo fi í ránṣẹ́ sí Kánò bẹ́ẹ̀, Màlámù ní ó dáa, òun ti rí ẹsẹ̀ náà. Ọmọ yẹn gba mẹ́ta nínú márùn-ún.