Àyẹ̀wò ọdún: sinimá aláìlóhùn àti orin ojúkojú nínú gbọ̀ngán àtijọ́ tí a tún ṣe

Ọdún ń lọ sópin, ó tó àkókò láti yẹ iṣẹ́ yìí wò: kí ló dúró, kí ló ń mì, kí la gbọ́dọ̀ ṣe lọ́nà mìíràn kí ọdún tuntun tó wọlé. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun kan ló tẹ̀wọ̀n jù lọ. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ sinimá àti ẹni tó wà nídìí pìánò gbọ́dọ̀ ti fẹnu kò sórí bí fíìmù yóò ṣe yára tó, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá orin. Níbi tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, àléébù yòókù ṣeé tún ṣe. Níbi tí wọn ò bá ti ṣe é, ọ̀dà wúrà ara ògiri àti ìjókòó tuntun kò lè kó eré náà yọ.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà láyé sinimá aláìlóhùn, nítorí náà iye àwòrán tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò dúró sójú kan. Ó lè jẹ́ 16, ó lè jẹ́ 18, 20 tàbí 22. Ìgbà tí ohùn wọ inú fíìmù, ní bí 1920 ṣe ń lọ sí 1930, ni 24 tó di òfin. Ẹsẹ̀ bàtà kan nínú fíìmù 35mm gba àwòrán 16. Ẹ mú fíìmù tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000: àwòrán 96,000 ló wà nínú rẹ̀. Bó bá ń lọ ní 18, yóò gba ìṣẹ́jú 88 àti àáyá 53. Ní 20, ìṣẹ́jú 80 géérégé. Ní 24, ìṣẹ́jú 66 àti àáyá 40. Fíìmù kan náà ni o! Olórin tó fi ẹ̀dà tó ń lọ ní 20 dánra wò nílé, tó wá bá 24 pàdé lálẹ́ ọjọ́ eré, ti pàdánù ìṣẹ́jú 13 àti àáyá 20. Orin ìdágbére rẹ̀ kò tíì dé ìdajì tí fíìmù fi tán, iná á tàn, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì wà lórí pìánò.

Báwo la ṣe ń mọ iye tó yẹ? Ẹ má kàn gba ohun tí wọ́n kọ sára agolo gbọ́. Ẹ gbé róòlù àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn sórí ẹ̀rọ, kí ẹ wo omi tó ń dà, èéfín tó ń gòkè, aṣọ tó ń já bọ́. Ìwọ̀nyí kì í tan ènìyàn. Ìrìn ẹsẹ̀ lè tan ni, pàápàá nínú eré apanilẹ́rìn-ín, torí wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yí kámẹ́rà jẹ́jẹ́ kí òṣèré lè dà bí ẹni tí iná ń jó nídìí. Ẹni tó bá dín eré irú ìran bẹ́ẹ̀ kù kó lè “dà bí ti gidi” ti ba iṣẹ́ ẹlẹ́rìn-ín jẹ́. Àwọn tó ń gbé e jáde láyé ìgbà náà pàápàá máa ń mú un yára díẹ̀ ju bí kámẹ́rà ṣe yà á lọ. Tí a bá ń ṣiyèméjì láàárín 18 àti 20, 20 la máa ń mú.

Bí fíìmù bá ń lọ jẹ́jẹ́, abẹ̀bẹ̀ iná náà gbọ́dọ̀ yí padà. Abẹ̀bẹ̀ irin kan wà nínú ẹ̀rọ fíìmù tó ń dí iná nígbà tí àwòrán kan ń kúrò tí òmíràn ń bọ́ sípò. Elewé méjì ń jẹ́ kí iná tàn lẹ́ẹ̀mejì sórí àwòrán kọ̀ọ̀kan: ní 24, ìyẹn jẹ́ ìgbà 48 ní àáyá kan, ojú kò sì rí i. Ẹ fi abẹ̀bẹ̀ kan náà ṣe 16, ó di 32, gbogbo aṣọ sinimá á máa ṣẹ́jú, orí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn òǹwòran. Elewé mẹ́ta ni oògùn rẹ̀, torí 16 lọ́nà mẹ́ta padà di 48. Ṣùgbọ́n ewé kẹta ń jẹ nínú ìmọ́lẹ̀, àwòrán á ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé iná sókè láti dí àlàfo yẹn kó rántí pé fíìmù tó ń lọ jẹ́jẹ́ ń pẹ́ lẹ́nu iná. Ooru á mú un, á ká kò díẹ̀, àwòrán á máa ṣú, á tún máa mọ́. Bákan náà ni àmì róbótó tó máa ń yọ ní igun òkè lápá ọ̀tún kí a tó bọ́ sórí ẹ̀rọ kejì: ní 24, nǹkan bí àáyá 8 ló kù, ní 18, ó lé ní 10. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa kà á lórí ní láti tún un kà, kó má baà gé òpin róòlù kúrò.

Àwọn tó ń lo ẹ̀dà DCP, ìyẹn fáìlì kọ̀ǹpútà tí gbọ̀ngán sinimá ń lò dípò fíìmù, rò pé àwọn bọ́ nínú gbogbo wàhálà yìí. Wọn ò bọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà yẹn jẹ́ 24, àwòrán kan ni wọ́n sì ń ṣe ní méjì láti dé ibẹ̀: ọ̀kan nínú márùn-ún bí fíìmù bá jẹ́ 20, ọ̀kan nínú mẹ́ta bó bá jẹ́ 18, ọ̀kan nínú méjì bó bá jẹ́ 16. Nígbà tí kámẹ́rà bá ń yí lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ẹ ó rí i tó ń ta kún. Ìlànà DCP ti fàyè gba 16 àti 20 fúnra wọn, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló lè kà á. Ẹ dán an wò lórí ẹ̀rọ gbọ̀ngán yẹn gan-an, kí ẹ sì fi ẹ̀dà náà ránṣẹ́ sí olórin, kì í ṣe èyí tó rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ férémù, ìyẹn bí àwòrán ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe ga tó, kò gùn. Àwòrán sinimá aláìlóhùn gba gbogbo àyè tó wà láàárín ihò méjèèjì etí fíìmù, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ gíga rẹ̀ lọ́nà 1.33. Nígbà tí ohùn dé, ojú ọ̀nà ohùn gba apá òsì. Bí ẹ bá fi férémù ti sinimá olóhùn gbé e jáde, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìkọ̀wé á máa sọnù. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nínú gbọ̀ngán tó ní òkè ìjókòó, àwòrán yìí tún ga ju èyí tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń tún gbọ̀ngán ṣe lọ. Bí gíga bá jẹ́ mítà 4.5, ìbú jẹ́ mítà 6. Kí ẹnì kan lọ jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn lábẹ́ òkè yẹn, kó wò ó bóyá orí òṣèré ṣì wà lára rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bí fíìmù ṣe ń yára tó, iná ló ń ba eré jẹ́ jù. Ẹ wo pìánò ńlá kan tó dúdú tó ń dán lápá òsì aṣọ sinimá. Bí wọ́n bá ṣí ọmọrí rẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó wà lókè yóò máa wo sinimá méjì: èyí tó wà lójú aṣọ àti èyí tó dorí kodò lára ọmọrí. Ẹ yọ ọmọrí náà kúrò pátápátá, tàbí kí ẹ ta aṣọ dúdú tí kò dán sórí rẹ̀. Iná orí ìwé orin gbọ́dọ̀ ní ìborí, kí ó dojú kọ ìwé nìkan, kí ìwé náà má sì funfun jù. Bébà aláwọ̀ ìpara kì í ta ìmọ́lẹ̀ padà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń tún gbọ̀ngán ṣe fẹ́ràn wúrà tó ń dán yíká ojú ìtàgé. Ó lẹ́wà nígbà tí iná bá tàn, ṣùgbọ́n bí ìran funfun kan bá dé, gbogbo ògiri á tàn pẹ̀lú rẹ̀, dúdú inú àwòrán á di eérú. Ọ̀dà tí kò dán ni ká bá wọn sọ nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Iná ẹnu ọ̀nà àbáyọ ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ kú láé. Ìborí ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ṣe fún un.

Nípa ariwo: ẹ̀rọ amúlétutù tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nígbà sinimá olóhùn yóò di ohùn béèsì bí olórin bá dákẹ́ fún àáyá mẹ́ta. Gíláàsì méjì ló yẹ kó wà lójú fèrèsé yàrá ẹ̀rọ, kí ọ̀kan tẹ̀ díẹ̀ kí àwòrán má baà yọ léjì.

Ọ́gáànù, ohun èlò orin tí afẹ́fẹ́ ń mú ọ̀pọ̀ fèrè inú rẹ̀ dún, gba sùúrù ju gbogbo rẹ̀ lọ, inú wa sì ń dùn pé àwọn kan ṣì ń ṣe é. Èyí tó wà ní gbọ̀ngán sinimá Babylon ní Berlin, ní Jámánì, ti wà níbẹ̀ láti 1929. Eruku ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má gbé fèrè kankan wọlé títí iṣẹ́ símẹ́ǹtì àti ọ̀dà yóò fi parí, tí wọ́n sì ti fa eruku yàrá fèrè gbẹ, torí ẹyọ ìyẹ̀fun símẹ́ǹtì kan lábẹ́ ahọ́n idẹ inú fèrè tó láti pa ohùn rẹ̀. Èkejì ni ooru. Bí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius kan gòkè, fèrè tí kò ní ahọ́n á gòkè ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àbọ̀-ohùn, àmọ́ àwọn tó ní ahọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Ìwọ̀n márùn-ún péré, wọ́n ti ń bá ara wọn jà, pìánò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò sì mọ ẹni tí yóò gbè. Ooru tí gbọ̀ngán máa ní lálẹ́ ọjọ́ eré ni ká fi tún ohùn ṣe, kì í ṣe ti òwúrọ̀. Ẹ̀kẹta ni awọ àwọn àpò kéékèèké inú rẹ̀, tó ń gbẹ bí ó ti ń gbó: ohùn kan á kọ̀ láti dún, tàbí kó máa dún láìdákẹ́. Ẹni tó mọ inú yàrá fèrè gbọ́dọ̀ wà nítòsí ní gbogbo àkókò eré, kó lè yọ fèrè alágídí náà kí ìran tó yí padà.

Ní ti orin fúnra rẹ̀, akọrinsílẹ̀ ará Faransé Camille Saint-Saëns ti kọ orin fún sinimá ní 1908, ṣùgbọ́n ìwé àmì ni ọ̀pọ̀ gbọ̀ngán lò: ìran báyìí, ìṣẹ́jú báyìí, irú orin báyìí. Ọ̀nà yẹn ṣì dára jù fún ẹni tó ń dá lù. Ẹ wo fíìmù náà tán lẹ́ẹ̀mejì láìfọwọ́ kan nǹkan, ẹ kọ ìran sílẹ̀, ẹ yan orin mẹ́rin tàbí márùn-ún tí yóò máa padà wá. Ẹ má tẹ̀lé gbogbo ìka tó bá mira. Ẹ tẹ̀lé ohun tí ènìyàn inú ìran ń fẹ́. Bí òǹwòran bá rẹ́rìn-ín, ẹ fa ohùn sílẹ̀ kí ẹ̀rín náà rí àyè. Àwọ̀ tí wọ́n fi pa fíìmù láró náà ń sọ̀rọ̀: búlúù jẹ́ òru, pupa sì jẹ́ iná. Bí fíìmù bá já, olórin á máa bá orin ìran náà lọ ní ohùn kékeré títí iná àmì kan láti yàrá ẹ̀rọ yóò fi sọ pé ó ti ṣe tán. Fún ẹgbẹ́ olórin ńlá, tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà níwájú adarí kò gbọdọ̀ pẹ́ sẹ́yìn aṣọ sinimá rárá. Ìdámẹ́wàá àáyá kan ti tó kí ìlù ṣìnà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ náà ò gbọdọ̀ di ìgbẹ̀yìn. Ní Amẹ́ríkà, fíìmù tó ti lé ní ọdún 95 tí wọ́n gbé e jáde ti di ti gbogbo ènìyàn, àmọ́ orin tuntun tí ẹnì kan kọ sí i ṣì ní olówó. Ọ̀rọ̀ ààbò náà ń kọ́: fíìmù nitrate, irú fíìmù àtijọ́ tó tètè ń gbaná, tí wọ́n lò títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ń jó kódà lábẹ́ omi. Gbọ̀ngán tí kò ní yàrá ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ fún un kò gbọdọ̀ gbà á wọlé.

Fún ọdún tó ń bọ̀, ìwé ojú kan péré la fẹ́ kó wà fún eré kọ̀ọ̀kan: iye àwòrán ní àáyá kan, gígùn fíìmù, àkókò tí róòlù kọ̀ọ̀kan gbà lórí ẹ̀rọ yẹn, irú abẹ̀bẹ̀, irú férémù, ìwọ̀n ooru tí a fi tún ọ́gáànù ṣe, àti àmì tí a ó lò bí fíìmù bá já. Ẹ̀dà kan á wà lára ògiri yàrá ẹ̀rọ, èkejì lórí pìánò. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ohun kan padà nínú ọ̀kan, kó sáré lọ yí i padà nínú èkejì kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀.