Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi eré kọ́ àwọn ọmọ iléèwé nípa omi kànga

Ẹ̀yin tíṣà àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kó ọmọ jọ ṣe dírámà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń bá àwọn ọmọ prámárì ṣe eré lórí omi n'Ìbàdàn níbí, láwọn àdúgbò àtijọ́ láàárín ìgboro, níbi tó jẹ́ pé dáàmù Ẹlẹ́yẹlé ti wà láti 1942 lóòótọ́ o, àmọ́ kànga ni ọ̀pọ̀ agboolé ṣì ń fà mu. Ohun tí mo rí kọ́ ò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ kọ́ ló ni kànga. Ọmọ lè mọ ìtàn kòkòrò àìsàn inú omi látòkè délẹ̀, kó gba 10 nínú 10, tó bá délé, omi tí Ìyá Àgbà bá bù fún un náà ló máa mu. Torí ẹ̀, eré tó bá parí síbi tí kòkòrò ti kú tí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́, ààbọ̀ iṣẹ́ ni.

Ibi tí ọmọ ti délé, tó fẹ́ bá àgbà sọ̀rọ̀, ibẹ̀ gan-an leré wà. Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n máa ń gbọ́ nílé, ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe Ìyá Àgbà, ó ró ìró, ó fọwọ́ kan dì í mú níbàdí, ló bá ní, "Omi tá a fi tọ́ bàbá ẹ dàgbà ńkọ́? Omi tá a ti ń mu látọjọ́ yìí, ó pa wá? Ṣadé, omi ò lọ́tá o!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, torí kò sẹ́ni tí ò mọ ohùn yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń ní kí wọ́n dúró ná. Kí ni Ṣadé máa sọ báyìí? Ẹni tó bá ní èsì á dìde wá gba ipò ẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ á ní "Màmá, omi yín dọ̀tí," Ìyá Àgbà á fún un nígbàátí (tinú eré ni o), ó tán. Ẹlòmíì á wá kúnlẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ṣé kí n pọn omi mímu wá, kẹ́ ẹ bá wa gbé e kaná?" Ìyẹn ò bú omi, ò bú àgbà, ó gbaṣẹ́ ṣe lọ́wọ́ wọn ni, àgbà wo ló máa lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Àmọ́ gáàsì wọ́n, ẹ má jẹ́ ká tanra wa. Tí omi bá ti hó kùṣùkùṣù fún ìṣẹ́jú 1, ó ti tó, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá jó gáàsì tán. Ilé tí ò bá lágbára ìyẹn, kí wọ́n rọ omi tó mọ́ gaara sínú ìgò oníke tó ṣeé wo inú ẹ̀, kó má ju lítà 2 lọ, kí wọ́n fi sínú oòrùn tó mú dáadáa fún wákàtí 6, tójú ọjọ́ bá ṣú kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 2. Ìyẹn wà níkàáwọ́ ọmọ fúnra ẹ̀, mo fẹ́ràn ẹ̀ jù.

Tó bá wá kan kòkòrò, ẹ má fi omi ẹlẹ́rẹ̀ dẹ́rù bà wọ́n, ta ló fẹ́ mu ẹrẹ̀ tẹ́lẹ̀? Èyí tó mọ́ lójú ló léwu. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n á rọ omi kún dọ́rọ́ọ̀mù, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù sí i, ìdọ̀tí á sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀, omi á máa dán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú mu. Álọ́ọ̀mù ń mú omi tòrò, àmọ́ ẹ ò lè gbára lé e pé ó ti pa kòkòrò onígbáméjì. Nínú eré wa, ẹni tó ń ṣe Omi, aṣọ funfun báláú ló ń wọ̀, ẹnu ẹ̀ dùn, gbogbo èèyàn ń kí i, àwọn kòkòrò sì lóṣòó sẹ́yìn ẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú. Àwọn òṣèré ò ní rí wọn, àwọn ọmọ tó ń wòran á máa pariwo "Wo ẹ̀yìn ẹ! Wo ẹ̀yìn ẹ!"

Ẹ má dárúkọ kànga ẹnikẹ́ni o. Ọmọ kan fẹnu ba láńlọ́ọ̀dù wọn nínú eré rí, kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, bàbá ti dé ọ́fíìsì hẹ́dìmásítà. Ilé tí ò sí níbì kankan ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ wá kó wọn lọ sí pápá, kí wọ́n wọn mítà 30 tí wọ́n sábà ń ní kó wà láàárín kànga àti ṣáláńgá. Ẹnu máa yà wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé lásìkò òjò, omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń ga sókè, ohun tó wà nínú ṣáláńgá á sì tètè bá kànga pàdé.

Tẹ́ ẹ bá lówó díẹ̀, ẹ ra ìgò kékeré tí wọ́n ń pè ní H2S, tí wọ́n fi ń yẹ omi wò bóyá ìgbẹ́ ti kàn án. Ẹ bu omi álọ́ọ̀mù sínú ọ̀kan, omi tẹ́ ẹ sè tó ti tutù sínú ìkejì, ẹ fi síbi tó lọ́ọ́wọ́rọ́ fún ọjọ́ kan sí méjì. Èyí tó bá dúdú, àfàìmọ̀ kí ìgbẹ́ má ti kàn án. Kò lè sọ fún yín bóyá kẹ́míkà wà níbẹ̀ o. Ẹ má jẹ́ kọ́mọ kankan ṣí ìgò tó ti dúdú, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ da blíìṣì sínú ẹ̀, kó wà bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, kẹ́ ẹ tó dà á sí ṣáláńgá.