Fíìmù tí mò ń dá wò

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ mi obìnrin fi dá mi lóhùn nígbà tí mo ní kó wá jókòó ká jọ wo fíìmù Ṣaworoidẹ. Ó ní èdè tèmi nìyẹn, kì í ṣe tòun. Kò bínú, kò sì rí mi fín. Ohun tó gbà pé òótọ́ ni ló sọ, ibẹ̀ gan-an ló ti dùn mí.

Mi ò ní máa ro ìtàn Lápité, ọba ìlú Jogbo inú fíìmù náà, fún yín. Ṣùgbọ́n nílé ní Nàìjíríà, ta ló ń dá fíìmù Túndé Kèlání wò? Ẹnìkan á ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Kọ́lá Oyèwọ̀, tó ṣe Lápité, kó tó sọ ọ́ tán. Àwọn àgbà á máa ṣépè fún àwọn ìjòyè Jogbo bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́. Ọmọdé kan á béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á ní kó panu mọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á tún ṣàlàyé fún un. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ òwe; kò sẹ́ni tó pè mí jókòó kọ́ mi. Ní 1999 tó jáde, àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéjọba sílẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣàlàyé Lágàta, sójà tó fipá gbàjọba ní Jogbo, fóun. Ọmọ tí wọ́n bí síbí kò gbọ́ ọ rí kí sójà gba rédíò ní kùtùkùtù. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ti ìwé tilẹ̀ tún le ju tìyẹn lọ. Mo ń tún Ó Le Kú kà, ìwé Akinwùmí Ìṣọ̀lá tó jáde ní 1974. Àjàní yìí àti Àṣàkẹ́, Lọ́lá, Ṣadé! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo gbójú sókè kí n kà á fún ẹnìkan, èmi nìkan ni mo wà ńbẹ̀. Ìṣọ̀lá náà ló kọ ìtàn Ṣaworoidẹ. Nígbà tó kú ní 2018, ibi iṣẹ́ ni mo wà tí mo ti gbọ́. Mo wo ojú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, n ò rí ẹni tí mo lè sọ fún. Mo ṣiṣẹ́ mi tán, mo wọkọ̀ lọ sílé. Ẹ̀rù tó wá ń bà mí báyìí ni pé lọ́jọ́ tí èmi náà bá kú, wọ́n á kó àwọn ìwé yìí sínú páálí, kò sì ní sẹ́ni tó lè ka àkọlé wọn nínú ilé mi.

Orin nìkan ni ọmọ mi kì í ní kí n pa. Láti ìgbà tí mo ti wo Ayinla, tí Kèlání gbé jáde ní 2021, Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà tí fíìmù náà dá lé lórí, ni mò ń gbọ́ ṣáá. Ọmọ yìí ń mi orí sí i nínú ọkọ̀, ó tilẹ̀ ń gbe ègbè. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí n fi ìyẹn dúpẹ́. Mi ò gbà. Ọkùnrin tí wọ́n pa ní Abẹ́òkúta ní 1980 yẹn, ẹnu rẹ̀ ló fi jẹ́ Àyìnlá: èébú, ìkìlọ̀, ìyìn. Ẹni tí kò bá gbọ́ ohun tó ń wí, ìlù ló kù fún un.

Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nílé. A ó máa wo fíìmù kan náà lákòókò kan náà, fóònù á wà ní títàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, a ó sì máa pariwo bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ọmọ náà máa gbọ́ wa. Wọ́n ní Agogo Èèwọ̀ ni ká fi bẹ̀rẹ̀, èmi ní Ti Olúwa Ni Ilẹ̀; fíìmù Kèlání ni méjèèjì. A ṣì ń fà á.