Orúnkún Màmá Ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mo ní òfin. Ó wà lára fíríìjì. Má fi owó ilé ta pókà, tẹ́tẹ́ káàdì yẹn. Tí káàdì méjì tí wọ́n pín fún ọ bá jẹ́ méje àti méjì tí àmì wọn ò bára mu, jù ú sílẹ̀ kíá, òun ló burú jù. Tí ẹnìkan bá fi oríire lásán jẹ ọ́, tí inú sì ń bí ọ, dìde. Èyí tó gbẹ̀yìn, bírò pupa ni mo fi kọ ọ́: OJÚ RẸ Ò GBỌDỌ̀ SỌ̀RỌ̀.

Ìtàn Chris Moneymaker ló gbé mi dé ìdí ẹ̀. Akáńtáǹtì ni ará Amẹ́ríkà yẹn, ó sì gba dọ́là 2,500,000 nídìí pókà ní Las Vegas lọ́dún 2003. Akáńtáǹtì lèmi náà. Kí ló wá kù?

Ó ku ojú. Mo dúró níwájú dígí balùwẹ̀, mo ń kọ́ ojú lẹ́kọ̀ọ́, títí ìyàwó mi fi béèrè bóyá inú ló ń run mí. Ojú yẹn le débi pé bí ilé bá ń jó, ìpéǹpéjú mi ò ní mì. Àṣé ojú náà ni ẹnu wà.

Ní Peckham, lálẹ́ Sátidé, ẹ̀wà olóyin la fi ń ta á, hóró kan, pẹ́ńsì mẹ́wàá. (Ìyàwó ẹni tó gbà wá sílé máa ń ka ẹ̀wà rẹ̀ tá a bá ṣe tán. Ó fura sí ọmọ Ìjẹ̀bú kan láàárín wa.) Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo yọjú wo káàdì mi: éèsì méjì, kò sí káàdì méjì tó jù ú lọ! Ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìgbà 221 nirú ẹ̀ ń bọ́ séèyàn lọ́wọ́ tá a bá ṣírò ẹ̀. Ojú mi ò yẹ̀. Mo rọra ti ẹ̀wà díẹ̀ síwájú, jẹ́jẹ́. Ni mo bá gbọ́ ohùn ara mi:

"Ẹ̀gbọ́n, màmá ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ọ̀tún ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn?"

Gbogbo wọn ju káàdì sílẹ̀. Hóró mẹ́ta tó jẹ́ dandan kí ẹni méjì fi lélẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì, òun nìkan ni mo jẹ. Éèsì méjì! Hóró mẹ́ta! Kò tó èèrà fi dín àkàrà.

Ìyàwó ilé, tí kò mọ pókà rárá, tó kàn ń gbé puff-puff kọjá, ló tú u síta: "Ó ti ń kí èèyàn? Ẹ ṣáà ti jù ú sílẹ̀?"

Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́! Tí káàdì mi bá burú, mo máa ń dákẹ́. Tó bá dára, inú mi á dùn, ẹ̀kọ́ ilé á gùn mí, màá wá máa béèrè ará ilé kálukú. Ọmọ Ìjẹ̀bú ní ọjọ́ tí mo béèrè ológbò lándílọ́ọ̀dù òun, kíǹgì méjì ló wà lọ́wọ́ mi. Èmi ò tiẹ̀ rántí pé lándílọ́ọ̀dù ní ológbò.

Mo ní kò burú, ohun tí wọ́n mọ̀ yẹn náà ni màá fi mú wọn. Ni wọ́n bá pín méje àti méjì fún mi, àmì ò bára mu. Mo gbàgbé fíríìjì. Mo ti gbogbo ẹ̀wà mi síwájú, mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n: "Màmá ńkọ́ o? Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

Àwọn yòókù sá. Ẹ̀gbọ́n, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó yẹ kó máa ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, wò mí títí, ó ní òun ń bọ̀. Káàdì márùn-ún ilẹ̀, tí gbogbo wa jọ ń lò mọ́ tọwọ́ wa, jáde, kò séyìí tó gbà mí. Káàdì méjì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, mẹ́rin ni méjèèjì. Mẹ́rin! Ó gbá ẹ̀wà mi lọ.

Mo béèrè ohun tó rí. Ó ní, "Tó bá jẹ́ tòótọ́ lo ń kí mi, o máa ń dárúkọ orúnkún."

Mo dìde, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí.

Àṣé ẹ̀gbọ́n yìí ti ń ròyìn mi fún màmá ní Ìlá Ọ̀ràngún, pé ọmọkùnrin kan wà ní London tí kì í gbàgbé orúnkún wọn. Màmá pè mí, wọ́n ṣàdúrà títí etí mi fi gbóná, wọ́n sì fi èlùbọ́ rán èèyàn sí mi. Mo rò pé tèmi ni. Wọ́n ní irọ́ ni, ìdí eré la ti rí i, gbogbo wa la ni ín. Ọmọ Ìjẹ̀bú ló gbé òṣùwọ̀n wá. Ó ní tá a bá ro gbogbo káàdì tí òun ti jù sílẹ̀ nítorí orúnkún yẹn, kóńgò méjì ló tọ́ sí òun.