Ẹ̀rí Ìdúpẹ́ Mi Lórí Oyún Tí A Múra Sílẹ̀ Dè

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ń jẹ́rìí yìí ní gbangba. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí mi sí, tó sì jẹ́ kí n gbé ọmọ mi lọ́wọ́ lẹ́yìn tí oyún méjì ti wálẹ̀ lára mi. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tó lò, nítorí pé ní tèmi, àánú náà gba inú ìgò oògùn kékeré kan wá, ó gba inú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá, ó sì gba ẹnu dókítà kan tó ní kí n ṣì dúró ná.

Àìsàn táírọ́ìdì kan ti wà lára mi fún nǹkan bí ọdún méjì kí n tó mọ orúkọ rẹ̀. Láti ìdájí ló ti máa ń rẹ̀ mí bí ẹni tó fi gbogbo òru ru ẹrù. Òtútù a máa mú mi nígbà tí ooru ń mú àwọn tó yí mi ká. Irun mi ń já sínú ìyarí, awọ ara mi gbẹ, ìgbẹ́ ń le, mo ń sanra láìjẹun púpọ̀, nǹkan oṣù mi a sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ mi, èkejì wà lọ́wọ́ mi, mo sì tẹjú mọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ mi títí, nítorí pé n kò rí agbára tí n ó fi tẹ̀ ba wọ̀ ọ́. Mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Àwọn ẹlòmíràn náà rò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ lójú mi. Inú ipò yẹn ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ lóyún, tó sì wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni mo dé ọ̀dọ̀ dókítà tí mo ń wí yìí, obìnrin àgbà kan tí ohùn rẹ̀ kì í ga. Ó fi ìka méjì tẹ iwájú ọrùn mi, ó ní kí n gbé itọ́ mì, ó wá ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára mi. Nígbà tí èsì dé, ohun tí wọ́n ń pè ní TSH jẹ́ 38, bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju 4 tàbí 5 lọ lára ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀yà kékeré kan wà níwájú ọrùn, lábẹ́ gògóńgò, tó rí bíi labalábá tó na ìyẹ́, tí à ń pè ní táírọ́ìdì. Òun ló ń ṣe họ́mọ̀nù tó ń sọ fún gbogbo ara bí iṣẹ́ yóò ṣe yá tó. TSH sì ni ohùn tí ọpọlọ fi ń pè é sẹ́nu iṣẹ́. "Ọmọ mi," ó ní, "bí o bá pe ọmọ tí kò dá ọ lóhùn, ṣé kì í ṣe pé wàá tún pariwo sí i ni? Nọ́ńbà yìí ga nítorí pé táírọ́ìdì rẹ kò jẹ́ ìpè mọ́." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka èsì àyẹ̀wò mi pẹ̀lú òye: bí ariwo bá ń lọ sílẹ̀, iṣẹ́ ti ń lọ nìyẹn.

Ó ní àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà, ló kọjú ìjà sí táírọ́ìdì mi. Wọ́n ń fi orúkọ Hakaru Hashimoto pe àìsàn náà, dókítà ọmọ Jàpáànù tó ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1912 lára obìnrin mẹ́rin. Mo bi í léèrè bóyá èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Ó ní rárá, n kò fọwọ́ fà á. Mo sunkún níwájú rẹ̀, nítorí pé láti ìgbà tí oyún náà ti wálẹ̀ ni mo ti ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá.

Ó kọ oògùn levothyroxine fún mi, hóró kan lójoojúmọ́. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, mo ti ń dìde láàárọ̀ bí ènìyàn, mo sì ti ń wọ bàtà mi méjèèjì láìsinmi láàárín. Ibi tó kàn yìí ni mo fẹ́ sọ dáadáa, nítorí pé mo mọ̀ pé obìnrin mìíràn lè wà lójú ọ̀nà kan náà lónìí. Mo lóyún kejì láì gbèrò rẹ̀. Inú mi dùn débi pé n kò lè sùn. Ẹnì kan tó fẹ́ràn mi dénú wá sọ fún mi pé aboyún kì í mu oògùn tó le, pé kí n má fi oògùn ba ọmọ jẹ́. Mo gbà á gbọ́. Mo fi aṣọ wé ìgò oògùn náà, mo tì í sí ìsàlẹ̀ dúróà, n kò sì pe dókítà. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ́yìn náà, mo rí ẹ̀jẹ̀.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ dókítà, ojú ń tì mí débi pé ilẹ̀ ni mo ń wò. Kò bá mi wí. Ó ní kò sí ẹni tó lè búra pé ohun tó mú oyún náà wálẹ̀ nìyẹn, nítorí pé oyún máa ń wálẹ̀ lára àwọn tí kò ní àìsàn kankan pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ó ní àìsàn yìí, bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, a máa jẹ́ kí oyún tètè wálẹ̀, a máa jẹ́ kí a bí ọmọ láìpé oṣù, ó sì lè ṣàkóbá fún ọpọlọ ọmọ. Ó wá sọ ohun tí kò sí ẹni tó sọ fún mi rí. Ó ní ọmọ inú oyún kò ní họ́mọ̀nù táírọ́ìdì tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejìlá kí tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ó sì di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún sí ogún kí iṣẹ́ náà tó rinlẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, lára ìyá ló ti ń gba èyí tó fi ń kọ́ ọpọlọ rẹ̀. Oògùn tí mo fi pa mọ́ sí dúróà kì í ṣe àjèjì sí ara; ohun tí táírọ́ìdì ìbá fúnra rẹ̀ ṣe gan-an ni.

Nítorí náà, ọpẹ́ mi gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọn kò sí láyé mọ́. Lọ́dún 1891, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, George Murray, fi omi tó yọ láti inú táírọ́ìdì àgùntàn gún obìnrin ẹni ọdún 46 kan lábẹ́rẹ́, obìnrin tí àìsàn àìtó họ́mọ̀nù táírọ́ìdì ti wọ̀ lára gidigidi. Obìnrin náà sì tún lo ọdún 28 sí i láyé. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1914, Edward Kendall ya họ́mọ̀nù náà sọ́tọ̀ ní ògidì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Mo máa ń ronú nípa obìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ gún lábẹ́rẹ́ yẹn, pé ó gbà kí wọ́n ṣe é fún òun nígbà tí kò sí ẹni tó mọ ohun tí yóò yọrí sí.

Dókítà ní kí a má tíì lóyún títí TSH mi yóò fi wá sábẹ́ 2.5, tí yóò sì dúró síbẹ̀. Èmi àti ọkọ mi gbà, a sì ń lo kọ́ńdọ̀mù. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni ìdúró náà gbà, ó sì ṣòro fún mi ju àìsàn lọ. Ìyá ọkọ mi a máa bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ìyàwó mi, kí ni ẹ̀yin méjèèjì ń dúró dè?" Àwọn mìíràn kò bi mí pẹ̀lẹ́, wọ́n ní ẹni tó ní ìgbàgbọ́ kì í ka nọ́ńbà kí ó tó bímọ. N kò bá wọn jiyàn nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ dá wọn lóhùn tìfẹ́tìfẹ́ báyìí: láàárín oṣù mẹ́sàn-án yẹn, n kò gbàdúrà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Àyẹ̀wò kejì já mi kulẹ̀. Mo ń mu oògùn lójoojúmọ́, síbẹ̀ TSH mi, tó ti wá sí 6, tún gòkè sí 9. Wọ́n ti fẹ́ fi kún oògùn mi nígbà tí nọ́ọ̀sì kan fa àga, ó jókòó, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi ọwọ́ ṣe é kí n rí i: bí ẹ bá jí, kí lẹ kọ́kọ́ máa ń ṣe?" Mo nawọ́ bí ẹni gbé ife omi, mo fi ìka mú hóró oògùn táírọ́ìdì, mo tún fi ìka mú hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ (èyí tó ní áyọ́ọ̀nù nínú, tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀) àti ti kálísíọ̀mù, mo sì da gbogbo rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di ọwọ́ mi mú nínú afẹ́fẹ́. Ó ní ibi tí wàhálà wà nìyẹn: oògùn ẹ̀jẹ̀ àti kálísíọ̀mù a máa di mọ́ oògùn táírọ́ìdì nínú ikùn, wọn kì í jẹ́ kó wọ ara. Ó yẹ kí ó tó wákàtí mẹ́rin láàárín wọn. Oògùn táírọ́ìdì, omi lásán ni kí a fi mu ún, kí inú ṣófo, kí ó sì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí a tó fi oúnjẹ tàbí kọfí kàn án. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti sún àwọn tó kù di alẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láìfi nǹkan kan kún oògùn, TSH mi di 3.4. Wọ́n fi díẹ̀ kún un nígbà náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí i ó di 1.8, nígbà tí a sì tún un wò, ó ṣì wà níbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí nọ́ọ̀sì yẹn bi mí kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ọlọ́run yóò bá mi san án fún un.

Láàárín àkókò náà, mo ń mu fọ́líìkì ásíìdì 400 màíkírógíráàmù lójúmọ́, dókítà sì rí i pé ayodíìnì, èròjà tí táírọ́ìdì fi ń ṣe họ́mọ̀nù, tó wà nínú oògùn aboyún tí mo mú wá hàn án jẹ́ 150 màíkírógíráàmù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àpọ̀jù ayodíìnì náà lè da táírọ́ìdì láàmú.

Ọjọ́ tó ní a lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá oyún, ó fa ìwé kan yọ, ó fi bírò pupa kọ nǹkan sí i, ó ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ojú mi ti máa ń rí i. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó kọ ọ́ pé: bí o bá ti rí ìlà méjì lórí àyẹ̀wò oyún, má dúró de ọjọ́ tí wàá rí mi. Dípò hóró méje lọ́sẹ̀, mu mẹ́sàn-án. Pè wá lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi ló kọ ọ́ fún, ó sì mọ ara mi. Kí ẹlòmíràn gba tirẹ̀ lọ́wọ́ dókítà tirẹ̀.

Oṣù kẹrin tí a ti ń wá oyún ni mo rí ìlà méjì náà, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo jí ọkọ mi, ó ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ka ìwé náà sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni ń ka lẹ́tà tó dé láti ọ̀nà jíjìn, ó bu omi, ó gbé oògùn fún mi. Lọ́jọ́ yẹn, hóró méjì ni mo mu. Bí mo ṣe ń gbé e mì, mo rántí ìgò tí mo fi aṣọ wé, ẹkún sì gbọ̀n mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ lára mi títí oyún fi dé ìdajì, wọ́n sì tún gbà á nígbà tó kù díẹ̀ kí ó pé ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, TSH gòkè sí 3.1, wọ́n fi kún oògùn lọ́jọ́ náà, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejìlá, ó ti padà sí 1.6. Nígbà tí mo ré kọjá ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn kúnlẹ̀. Ìyókù lọ ní ìrọ̀rùn. Mo bímọ ní ọ̀sẹ̀ kọkàndínlógójì, ó ké kíákíá, èmi náà sì yè.

Wọ́n gún gìgísẹ̀ rẹ̀, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí bébà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá táírọ́ìdì tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n dá oògùn mi padà sí iye tí mo ń lò kí n tó lóyún, wọ́n sì tún ẹ̀jẹ̀ mi wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo lè máa fún un lọ́mú bí mo ṣe ń mu oògùn náà, wọ́n sì dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mejì pé bẹ́ẹ̀ ni.

Dókítà mi, mo dúpẹ́. Nọ́ọ̀sì mi, mo dúpẹ́. Ọkọ mi, tó bá mi dúró tí kò sì fi ojú burúkú wò mí nítorí èyí tí a pàdánù, mo dúpẹ́. Ìyá ọkọ mi, tó wá jókòó tì mí lọ́jọ́ kan tó ní kí n ṣàlàyé ìwé pupa náà fún òun, tí kò sì tún béèrè ohun tí à ń dúró dè láti ọjọ́ yẹn, ẹ ṣé mà. Ọlọ́run mi, ọpẹ́ yìí kò tó.

Ìwé náà ṣì wà nínú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Láàárọ̀ yìí, ọmọ ti jí kí aago tó dún. Mo fi omi mu hóró kan, mo sì gbé ọmọ náà sí àyà.